Ẹ Gba Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Pe Ibà Náà Ní Táífọ́ọ̀dù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sí ibi tí ojú á ti rí i, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Bí ara èèyàn bá ń gbóná nílùú wa, kò sẹ́ni tó ń béèrè mọ́ pé kí ló fà á. Ará ilé á ní, "Máléríà àti táífọ́ọ̀dù ni." Ọmọ tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì á ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkóríta á ní òun ti mọ̀ kí aláìsàn tó jókòó. Wọ́n á ta oògùn máléríà fún un, wọ́n á fi Cipro tàbí Ampiclox lé e. Bí kò bá lọ, wọ́n á gbé dírípù kọ́, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbádùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í gbádùn, tàbí tí wọ́n á gbádùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ibà náà á tún padà pẹ̀lú agbára. Nínú àwọn tí mo rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní kòkòrò HIV lára pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Tiwọn ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Màmá Láàbù ni wọ́n ṣì ń pè mí ládùúgbò. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wá bakitéríà nínú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ọyún ni mo pẹ́ sí jù, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ nígbà tí mo bá gbọ́ "máléríà àti táífọ́ọ̀dù."

Aránṣọ kan wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Ó ti mọ̀ pé òun ní HIV, ó tiẹ̀ ti lo oògùn rẹ̀ fún ìgbà kan, kó tó di pé ó lọ́kọ tuntun, tí ẹ̀rù wá ń bà á pé kí ọkọ má rí ike oògùn nínú àpótí. Ó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tó yá, ibà bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ kò ṣu, kò bì, kò wúkọ́. Ibà lásán ni, pẹ̀lú òtútù lóru, ara tó ń joro, àtẹ́lẹwọ́ tó funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé àyẹ̀wò Widal, èyí tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, ti kún inú báàgì rẹ̀ láti láàbù oríṣiríṣi. Wọ́n kọ 1/160 sí òmíràn, wọ́n kọ 1/320 sí òmíràn, gbogbo wọn ló sì sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gún un lábẹ́rẹ́ ni ara rẹ̀ ń balẹ̀ díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ sọ fún wa pé àwọn ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà, àwọn sì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìbílẹ̀, nítorí pé ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, "kò ṣojú lásán, mà."

Dókítà tó gbà á wọlé lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run má jẹ́ kí irú wọn ó tán nílẹ̀ yìí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oògùn apakòkòrò kankan títí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún blood culture, àyẹ̀wò tí a fi ń gbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò láti mọ bakitéríà tó wà nínú rẹ̀. A gba ẹ̀jẹ̀ láti apá ọ̀tún sínú ìgò kan, a gba ti apá òsì sínú ìgò kejì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, omi inú ìgò méjèèjì ti dàrú. Mo kun ún, mo wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ awò, mo rí àwọn igi kéékèèké pupa. Mo gbé e sórí oúnjẹ kòkòrò tí à ń pè ní MacConkey, ó hù láìní àwọ̀ lára. Nígbà tí a fi gbogbo àyẹ̀wò yòókù wò ó tán, Salmonella ni lóòótọ́, ìdílé bakitéríà tí ti táífọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù. Typhimurium ni. Ìbátan ni wọ́n, ìwà wọn kò bára mu rárá. Septrin kò ràn án, ampicillin kò ràn án, chloramphenicol kò ràn án. Ceftriaxone ló ràn án.

Obìnrin náà yè é. Ó padà sórí oògùn HIV rẹ̀. Àwọn mìíràn tí a rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lára wọn lẹ́yìn rẹ̀ kò yè, nítorí pé èsì ẹ̀jẹ̀ wọn jáde nígbà tí ẹbí ti gbé òkú lọ.

Ìbátan tí mò ń sọ yìí, bó bá wọ inú ẹni tí ara rẹ̀ le, bóyá láti ara ẹyin tí kò jinná tàbí adìyẹ tútù tí wọ́n gé lórí pákó tí wọ́n tún fi gé tòmátì, inú á ṣu fún ọjọ́ mélòó kan, yóò tán. Lára ẹni tí HIV ti jẹ ara rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Inú ìfun wa ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì CD4 ń gbé, bí ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ẹnubodè. HIV kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá wọ ara. Bí Salmonella bá wá bá oúnjẹ wọlé, á rí àyè gba ara ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbé e mì kó sì pa á á gbé e mì, wọn kò ní lè pa á, nítorí pé CD4 tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́ kò sí. Inú wọn ni kòkòrò náà á wá máa gbé, á bá wọn dé mùdùnmúdùn egungun. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún á pa àwọn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó sá pamọ́ á dúró dìgbà tí abẹ́rẹ́ bá tán. Ibi tí ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ń wá nìyẹn. Kò sí ayé kankan nínú rẹ̀.

Kì í ṣe láàbù tiwa nìkan ni wọ́n ti rí i. Ní Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn dókítà Ilé Ìwòsàn Queen Elizabeth tọpa àwọn àgbàlagbà tí irú Salmonella yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 2002. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò fún HIV ló ní in. Nínú ọgọ́rùn-ún, 47 ló kú sí ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tó jáde láàyè tí wọ́n sì ń tọpa wọn, ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún tí kòkòrò náà tún yọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Oògùn HIV kò tíì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ní Màláwì nígbà náà. Nígbà tó dé, tí ó sì kárí, irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ dín kù. Ní 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó tú àbùdá kòkòrò náà wò láti Màláwì àti Kẹ́ńyà rí i pé ẹ̀yà kan pàtó ló pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yà tí wọn kì í sábà rí ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Wọ́n pè é ní ST313. Òun náà ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń tako ampicillin, chloramphenicol àti Septrin lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti ara aránṣọ wa. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ń rí èyí tó ń tako ceftriaxone pàápàá ní àwọn ibì kan ní Áfíríkà. Ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ tí a ń gún káàkiri láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò ń gbé wa lọ.

Mo tún fẹ́ kí àwọn dókítà wa tó ń ka ìwé ìròyìn yìí rántí ohun kan. Láti 1987 ni Amẹ́ríkà ti fi Salmonella tó bá ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ kún àwọn àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé HIV ti di àrùn éèdì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà fi í sí ìpele kẹrin, ìpele tó kẹ́yìn. Nítorí náà, bí láàbù bá kọ̀wé sí yín pé Salmonella tí kì í ṣe ti táífọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kan, ẹ má kàn kọ oògùn kí ẹ lé e lọ sílé. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò HIV níjọ́ náà, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. (Àwọn ọmọdé tí máléríà tàbí àìjẹunrekánú ti sọ di aláìlágbára, àti àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n lè ní Salmonella nínú ẹ̀jẹ̀ láìní HIV. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo kọ yìí nawọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ.)

Àyẹ̀wò Widal wá ńkọ́? Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Fernand Widal ló gbé e jáde ní 1896, iṣẹ́ ọgbọ́n sì ni nígbà náà. Kì í wá kòkòrò. Èròjà tí ara ti ṣe láti bá kòkòrò jà ló ń wá. Ẹni tó ṣe táífọ́ọ̀dù ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn lè ṣì ní èròjà yìí lára. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù lè ní in. Salmonella mìíràn tó jẹ́ ìbátan lè mú un jáde. Ní ibi tí omi kò ti mọ́ bíi tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá lè lọ ṣe Widal lónìí, kí wọ́n sì kọ táífọ́ọ̀dù fún un. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ara tí HIV ti mú láìlágbára lè má lè ṣe èròjà náà tó, kí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí Widal sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Àyẹ̀wò tó lè ṣìnà sí ọ̀tún, tó tún lè ṣìnà sí òsì, òun la fi ń tọ́jú gbogbo ìlú. Ó ń dùn mí. Mo mọ̀ pé owó kékeré ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń fún aláìsàn ní bébà tí ó lè mú relé. Ṣùgbọ́n bébà kọ́ ni ìwòsàn.

Blood culture ni kí wọ́n ṣe fún ẹni tó ní HIV tí ibà bá mú, tí àyẹ̀wò máléríà rẹ̀ kò sì fi nǹkan kan hàn, tàbí tí oògùn máléríà kò ran ibà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é, kí aláìsàn lè mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é dáadáa. Ìgò náà ní omi oúnjẹ bakitéríà nínú. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, kó fi spirit nu awọ ara dáadáa, kó dúró kó gbẹ, kó má tún fi ìka tẹ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ nu orí ìgò náà pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó máa wọ ìgò kan tó mílílítà 8 sí 10, nítorí pé bakitéríà inú ẹ̀jẹ̀ lè má pọ̀ rárá. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré lè má ní ẹyọ kan nínú. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Ibi méjì lára ló yẹ kí wọ́n ti gbà á, nítorí pé bí kòkòrò kan náà bá hù nínú ìgò méjèèjì, ẹnu onílàáàbù á gbà láti sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe ara awọ.

Kí wọ́n gbà á kí wọ́n tó fún un ní oògùn apakòkòrò. Èmi ò lè sọ èyí tó. Abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ti tó láti pa kòkòrò inú ìgò lẹ́nu mọ́, kí ti inú ara sì wà láàyè. Bí aláìsàn bá ti ń kú lọ, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró de èsì o. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí èsì wá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n má sì gbé ìgò náà sínú fíríìjì. Mo ti gba ìgò tó tutù bí yìnyín láti wọ́ọ̀dù rí, tí ẹni tó gbé e wá rò pé òun tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní láàbù, inú ẹ̀rọ tó ń móoru tó bí ara èèyàn ni ìgò ń gbé fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Iná á lọ ní alẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ á ti tán, ẹ̀rọ náà á tutù mọ́jú. A máa ń nílò ẹ̀jẹ̀ àgùntàn láti fi ṣe oúnjẹ kòkòrò. Ibi tí kò bá sí àgùntàn, wọ́n ń lo ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò kan fi ara hàn bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí báyìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Nǹkan tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ ni kò sí.

Salmonella tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, àti pneumococcus tó ń fa òtútù àyà, wà lára àwọn kòkòrò tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní HIV ní Áfíríkà. Kòkòrò TB náà máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n tún wà, àwọn yẹn ló máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Rhodococcus equi jẹ́ ọ̀kan. Ní Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ní 1923, nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ẹṣin. Inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ẹṣin àti ti ẹran ọ̀sìn mìíràn ti dà sí ló ń gbé. Ọdún 1967 ni wọ́n kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ pé ó mú èèyàn, nígbà tí éèdì sì dé ni ó wá di ohun tí àwọn dókítà ń bá pàdé. Ẹni tó bá mú á wúkọ́, á rù, á máa làágùn lóru, fọ́tò àyà rẹ̀ á sì fi ihò hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí ni wọ́n á pè é? Ikọ́ TB ni. Bí wọ́n bá sì kun kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n fi ń wá TB, òun náà lè gba ọ̀dà yẹn díẹ̀, kí wọ́n máa wí pé "àbí ẹ ò rí i?"

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti ń lo oògùn TB fún oṣù bíi mélòó kan tí kò sì gbádùn, tí ẹ̀rọ GeneXpert kò sì rí TB lára rẹ̀ nígbà kankan. HIV wà lára rẹ̀, CD4 rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. A gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tó hù dà bí ìdọ̀tí tó ń gbé lára awọ, àwọn igi kúkúrú kúkúrú tí ọ̀pọ̀ láàbù máa ń kọ sílẹ̀ pé ara awọ aláìsàn ló ti bọ́ sínú ìgò, tí wọ́n á sì dà á nù. Ọ̀gá wa tó kọ́ mi níṣẹ́, tó ti dolóògbé báyìí, ló máa ń sọ pé kí a má da nǹkan tó bá hù nínú ìgò méjèèjì nù, ohun yòówù kó jọ. A fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti di rọ̀gbọ̀rọ̀gbọ̀ lójú àwo, ó sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. A fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Oògùn mìíràn ni wọ́n wá fún un, ó ju oríṣi kan lọ, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo máa ń ronú nípa iye irú rẹ̀ tí wọ́n ti dà sínú garawa ìdọ̀tí nínú láàbù tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn.

Bartonella náà wà. Ẹ̀yà rẹ̀ kan ni iná aṣọ máa ń gbé kiri, òun ló dá àwọn sójà lóró nínú kòtò ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ̀yà kejì ń ti ara ológbò wá. Lára ẹni tí CD4 rẹ̀ ti wálẹ̀ púpọ̀, ó lè mú kókó pupa yọ lára awọ, tí ẹni tó bá wò ó á rò pé jẹjẹrẹ Kaposi ni. Oògùn erythromycin tàbí doxycycline, tó wà ní kẹ́míìsì gbogbo, ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hù nínú ìgò, láàbù tí kò bá mọ̀ pé òun ló yẹ kí òun máa wá á ti da ìgò náà nù ní ọjọ́ keje. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn dókítà pé kí wọ́n máa kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé aláìsàn ní HIV, pẹ̀lú iye CD4 rẹ̀, àti pé ó ń sin ẹṣin tàbí ológbò bí ó bá ń sìn ín. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "ibà" nìkan sí kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ọ̀rọ̀ CD4 tí mo fẹnu bà yẹn, ó yẹ kí ìjọba gbọ́ ọ. Láti 2016 ni Nàìjíríà ti gbà pé kí ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn, láìdúró de CD4. Ìpinnu tó dára gan-an ni, ẹ̀mí tó gbà là kò ṣeé fẹnu sọ. Oògùn TLD, hóró kan lójúmọ́, ti mú kí ìgbé ayé rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọn kò ṣe dúró de CD4 mọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti gbàgbé ẹ̀rọ CD4 sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹni tó sì pẹ́ kó tó mọ̀, tàbí tó dáwọ́ oògùn dúró bíi ti aránṣọ, ó ṣe pàtàkì kí wọ́n mọ̀ pé CD4 rẹ̀ kò tó 200, torí ẹni yẹn ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń dọdẹ. Òun ló nílò Septrin lójoojúmọ́ láti fi dènà àrùn. Òun ló yẹ kí gbogbo ibà rẹ̀ mú kí ọkàn dókítà fò.

Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò HIV, oògùn rẹ̀ àti àyẹ̀wò viral load tó ń sọ iye kòkòrò HIV tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Blood culture kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àpò aláìsàn ni owó rẹ̀ ti ń jáde, ó sì ju owó Widal lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tó ti fi owó ọkọ̀ wá láti oko, tó ti ra dírípù, ẹ sọ fún un pé kó tún mú owó ìgò wá. Á ní kí ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ kò padà wá. Ìwádìí NAIIS tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.9 ló ní HIV nílẹ̀ yìí. Gbogbo wọn kọ́ ni yóò nílò ìgò yìí. Àwọn tí ibà mú, tí CD4 wọn wálẹ̀, tí wọ́n dá dúró ní ilé ìwòsàn ni. Owó wọn kò lè wọ ìjọba ìpínlẹ̀ kankan lọ́rùn.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn kọmíṣánà ètò ìlera ní àwọn ìpínlẹ̀ wa fún ni pé kí wọ́n kó ìgò blood culture sí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú àwọn tó ní HIV, kí wọ́n má gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì fi iná oòrùn sí ẹ̀rọ tó ń gbin kòkòrò, ẹ̀rọ yẹn nìkan, bí owó kò bá tó fún gbogbo láàbù. Ibi tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n ṣètò ọ̀kadà tàbí mọ́tò tó máa gbé ìgò lọ sí láàbù ńlá lójoojúmọ́. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ TB, ó sì ń ṣeé ṣe. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò orílẹ̀-èdè jáde lórí bakitéríà tó ń tako oògùn, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, ló darí rẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń tú àbùdá irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ wò. A ní èèyàn tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀ràn Ìbàdàn kò lè rí kòkòrò tí wọn kò gbà sínú ìgò ní Ìkìrun tàbí ní Ìgbòhò.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé pẹ̀lú HIV, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n po ẹyin tútù mọ́ málítì àti mílíìkì fún yín nítorí pé ẹ̀jẹ̀ yín ò tó. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí wọ́n máa ṣe é. Ẹyin tí kò kan iná jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí Salmonella ń gbà wọlé. Ẹ bọ̀ ọ́ kó jinná dénú. Wàrà tí wọn kò sè, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe dáwọ́ oògùn yín dúró nítorí ọkọ, nítorí ìyàwó tàbí nítorí pásítọ̀. Bí ibi tí ẹ ń gbé oògùn sí bá ń kó yín láyà sókè, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín, wọ́n ní ọgbọ́n oríṣiríṣi tí wọ́n á fi ràn yín lọ́wọ́. Bí ibà bá sì gbé yín dé ilé ìwòsàn tí wọn kò ti mọ̀ yín, ẹ sọ ipò yín fún dókítà. Mo mọ bó ṣe rí nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá gbọ́ tí ojú rẹ̀ yí padà. Òfin Nàìjíríà ti wà láti 2014 tó sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ yà yín sọ́tọ̀ nítorí HIV, ilé ìwòsàn kò sì kúrò lábẹ́ òfin náà. Ẹ wá sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ẹ̀jẹ̀ fún blood culture kí ẹ tó fún mi ní apakòkòrò." Gbólóhùn yẹn kò ní kí ẹ mọ ìwé púpọ̀. Ẹ fi kọ́ ẹni tó máa ń tẹ̀lé yín lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú, nítorí pé nígbà míì, ibà kì í jẹ́ kí ẹnu yín gba ọ̀rọ̀.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ tèmi ti fẹ́ gùn jù. Bí àwọn kọmíṣánà ètò ìlera bá wá bá àwọn akọ̀ròyìn yín sọ̀rọ̀ lórí ilé ìwòsàn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè: ilé ìwòsàn ìjọba mélòó ní ìpínlẹ̀ wọn ló lè gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún blood culture lónìí, kí èsì rẹ̀ sì tẹ dókítà lọ́wọ́ nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹ kọ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn náà jáde, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí aráàlú lè mọ ibi tí wọ́n á gbé ènìyàn wọn lọ.

Èmi ni tiyín,
Màmá Láàbù,
Òṣogbo.